Awakọ̀ Jábì àti Ọkọ̀ Orí Máàsì

Ẹni tó bá rò pé ọkọ̀ wíwà niṣẹ́ awakọ̀ kò tíì dé gáréèjì Jábì rí. Ìdúró niṣẹ́ awakọ̀. Wàá dé lẹ́yìn àdúrà Àsùbáà, wàá kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n á ní ọkọ̀ mẹ́rin ló wà níwájú rẹ, wàá sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn á fi dé àtàrí. Èrò kan á wá, á bèèrè ọkọ̀ Ìlọrin, á yọjú wo inú rẹ̀, á rí i pé ẹni méjì péré ló jókòó, á ní òun ń lọ ra omi. Kò ní padà wá. Àbdùlràhmọ̀n Àtàndá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń ṣe irú ìdúró yìí láti ìgbà tí Àbújá ṣì jẹ́ eruku àti katapílà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi èèyàn joyè nítorí sùúrù, òun ni ì bá jẹ Baálẹ̀ Jábì.

Kì í ṣe pé kò mọ ọkọ̀ wà o, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ni. Píjò elérò méje ló ń wà láti Jábì dé Ìlọrin, bó bá sì rí èrò, á dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti wà nídìí sítíàrìn, kò sì fi táyà tẹ adìyẹ pa rí. Àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí aboyún bá wọ ọkọ̀ Àtàndá ní Jábì, ọmọ inú rẹ̀ á ti máa rìn kí wọ́n tó dé Ìlọrin. Kì í dá wọn lóhùn. Ó ti kọ èsì rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́: Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń mú kúrò. Ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti lọ sílé ọkọ, ó ku òun àti Gàníyátù, ìyàwó rẹ̀, nínú yàrá àti pálọ̀ kan ní Durumi. Ó máa ń jí, á mọ̀ pé bẹ́ǹṣì ń dúró de òun, á sì mí kanlẹ̀ kó tó wá bàtà.

Ní oṣù kejì ọdún 2004, ọyẹ́ mú tóbẹ́ẹ̀ tí ètè gbogbo awakọ̀ là. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ márùn-ún ṣì wà níwájú tirẹ̀, fóònù rẹ̀ sì ti kú. Ló bá sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Fọláyan láti bẹ̀ ẹ́ kó bá òun fi iná sí i. Fọláyan jẹ́ obìnrin ará Kàbà tó ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún. Sáíbà káfè ló ń ṣe, kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló ní níbẹ̀, mẹ́rin nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́, àwọn méjì yòókù wà níbẹ̀ fún ọlá. Oníbàárà kan ti dìde láìpa kọ̀ǹpútà tó lò, àwòrán kan sì wà lójú rẹ̀: ilẹ̀ pupa, òkúta kéékèèké, òkè kan lọ́ọ̀ọ́kán.

Àtàndá dúró, ó na ọrùn. "Ibo lèyí? Ṣé wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í hú ọ̀nà Àbájí ni?"

Fọláyan rẹ́rìn-ín. "Bàbá, kì í ṣe Àbájí o. Máàsì ni. Planet ni, ó wà lókè lọ́hùn-ún. Àwọn America ló gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní January, òun ló ń ya fọ́tò."

Ẹlòmíràn á wo òkè, á wo ojú sánmọ̀ tó dà bí omi ẹ̀kọ. Àtàndá kò wò wọ́n. Ilẹ̀ ló ń wò. Ojú táyà wà lórí iyẹ̀pẹ̀ náà, ìlà méjì tó ṣe déédéé. Wọ́n tọ́ wá láti ẹ̀yìn, wọ́n yà díẹ̀ níbi tí òkúta kan wà, wọ́n sì tún tọ́ lọ.

"Ọkọ̀ ti gba ibí kọjá lóòótọ́," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tó ń darí ẹ̀ sì mọ ọkọ̀ wà. Wo bó ṣe yẹ òkúta yẹn sílẹ̀. Kò fi ìkánjú yí i."

Ó fa àga, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ ń bèèrè. Táyà mélòó ló ní? Mẹ́fà. Rọ́bà ni àbí irin? Irin. Kí ló ń mu? Oòrùn. Eré rẹ̀ ńkọ́? Fọláyan kà á lójú kọ̀ǹpútà, ó ṣírò rẹ̀ díẹ̀, ó ní bí wọ́n bá gbé e sílẹ̀ lẹ́nu géètì gáréèjì láàárọ̀, ọ̀sán á pọ́n kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ lẹ́yìn. Àtàndá bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. "Àjàpá lèyí!" ó wí, orúkọ tó sì ń pe ọkọ̀ náà lọ nìyẹn, nítorí orúkọ òyìnbó tí wọ́n sọ ọ́, Spirit, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tó fi padà sí gáréèjì, ìgbà rẹ̀ ti kàn, ó sì ti kọjá. Wọ́n ti fi ọkọ̀ ẹlòmíràn kó èrò Ìlọrin lọ. Ó padà síbi bẹ́ǹṣì, ó jókòó, kò sì bínú. Èyí ya àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́nu.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ìdúró bá ti gùn, ọ̀dọ̀ Fọláyan ni wọ́n á ti lọ pè é. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe Àjàpá fún. Oṣù mẹ́ta pé, ó ń rìn. Ọdún kan pé, ó ń rìn, ó ti ń gun òkè. Nígbà tí eruku bò ó tí oòrùn kò fẹ́ẹ́ ràn án mọ́, ìjì kan fẹ́, ó gbá eruku náà kúrò lára rẹ̀ bí ẹni fi ìgbálẹ̀ gbá àgbàlá. Ọjọ́ tí Fọláyan ka ìyẹn fún un, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Alhamdulillah," bí ìgbà tí wọ́n sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ bímọ láyọ̀.

Fọláyan tún máa ń fi àwòrán mìíràn hàn án, èyí tí awò-awọ̀nàjíjìn tó ń yí ayé po lókè ń yà: kùrukùru aláwọ̀ osùn àti aró níbi tí wọ́n ní wọ́n ti ń bí ìràwọ̀, àti ìràwọ̀ tó ṣù jọ bí èèrà lórí ṣúgà. Á wò wọ́n, á ní "Súbúhánallàhì," á sì mi orí. Ó ní kó tẹ méjì nínú wọn fún òun, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri pálọ̀ ní Durumi. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé kò sí ojú ọ̀nà nínú wọn. Èèyàn kò lè bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ti Máàsì, ó rí ilẹ̀, ó rí ibi tí òun ì bá yà sí bó bá jẹ́ òun ló ń darí Àjàpá.

Inú ọkọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù wà. Ó lẹ àwòrán mẹ́rin mọ́ òrùlé Píjò, lókè orí èrò. Èrò á wọlé, á gbójú sókè, á ní, "Bàbá, ṣé Árábíà nìyí?" Ó ti parí nìyẹn. Láti Gwagwalada dé Lọ́kọ́jà ni Àtàndá á fi ṣàlàyé. Àwọn kan gbádùn rẹ̀. Àwọn kan á di ojú bí ẹni tó sùn. Ààfáà kan, ará Ọ̀yọ́, sọ fún un pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni òkè, kí wọ́n yé tojú bọ̀ ọ́. Àtàndá ní, "Ààfáà, bí ẹ bá kọ́lé tó dára, ṣé ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n wò ó ni?" Kí wọ́n tó dé Kàbà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Àtàndá rí i nínú díńgí tó gbójú sókè wo òrùlé.

Kò sí ohun mìíràn tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ láwọn ọdún yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọ̀nà ń bàjẹ́ sí i, epo ń wọ́n, èrò ń lọ síbi tí ọkọ̀ tuntun alámúlétutù wà. Ọkùnrin náà ń gbó lọ pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní ohun kan lókè tó ń gbó bíi tòun, tó sì ń rìn, ìyẹn sì ń tù ú nínú.

Ọdún 2007 ni Gàníyátù rí ìṣó.

Obìnrin yìí ń ṣiṣẹ́ olùtọ́jú ọmọ nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan, kì í ṣe ẹni tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń dẹ́rù bà. Àtàndá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìlọrin ni, wọ́n ti kí Màgàríbì tán, ó sì jókòó sórí àga, ó ń bọ́ bàtà. Bàtà ọ̀tún kò fẹ́ bọ́. Gàníyátù kúnlẹ̀ láti bá a fà á, ó sì rí i pé ìṣó kan ti gba ìsàlẹ̀ bàtà wọlé, ó sì ti gún àtẹ́lẹsẹ̀ débi pé ìbọ̀sẹ̀ ti gan lórí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ.

"Bàbá Misturah! Ìṣó wà lẹ́sẹ̀ yín!"

"Ìṣó wo?" ni Àtàndá wí. Ó ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀rọ̀ méjì yẹn dẹ́rù ba Gàníyátù ju ẹ̀jẹ̀ náà lọ. Láti Ìlọrin ló ti fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ búréékì wálé. Lọ́jọ́ kejì ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni, ó sì ti pẹ́ lára rẹ̀. Dókítà ní kó di ojú. Ó ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan kàn án lẹ́sẹ̀, ó ń bèèrè bó bá gbọ́ ọ. Àtàndá ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Gàníyátù ló rí i pé nígbà tó dáhùn ìkẹta, dókítà ti ká irin náà sápò.

"Bàbá," ni dókítà wí, "ẹ ò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́."

Wọ́n padà sí Durumi. Ìgbà tí Gàníyátù gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sílẹ̀ láti wẹ ẹsẹ̀ náà ló tó sọ ọ́ jáde. "Ẹ gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀. A ò ní pebi kú."

Àtàndá kò bínú. Ó ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti ilé ìwòsàn. "Táyà ọ̀tún iwájú ọkọ̀ Máàsì ti kú láti ọdún tó kọjá," ó wí. "Ó dákẹ́ pátápátá, kò yí mọ́. Wọn ò tìtorí ẹ̀ pa á tì. Wọ́n yí i padà, ó wá ń fẹ̀yìn rìn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ tó kú nílẹ̀ tuuru. Bó ṣe ń wọ́ ọ ló hú iyẹ̀pẹ̀ funfun kan jáde. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó fi hàn pé omi gbígbóná ti wà níbẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n ń wá kiri gan-an nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó kú ló bá wọn rí i o, Gàníyátù. Kì í ṣe márùn-ún tó yè."

Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Gàníyátù ń wẹ ẹsẹ̀ náà lọ. Ó mọ̀ pé nǹkan kan wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń gbé ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún, kò sì rí ibi tó wọ́ náà mú. "Ẹ jẹ́ n fi òróró pa á," ó wí. Ìyẹn náà ló sọ ní ọ̀la, àti ní ọ̀tunla, títí kò fi sọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ má rò pé olórí kunkun lásán ni. Ẹ̀rù ló ń bà á. Bó bá kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀, kí ló kù? Bẹ́ǹṣì yẹn náà ni, pẹ̀lú pé kò sí ìgbà kankan tó máa kàn án mọ́. Ó mọ àwọn àgbà awakọ̀ tó ti rí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń jókòó ní gáréèjì láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n ń pe èrò fún ẹlòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ á ra ẹ̀kọ fún wọn, wọn á sì máa sọ̀rọ̀ lórí wọn bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àtàndá ti ra irú ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn rí.

Nítorí náà ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ nǹkan wakọ̀. Ó pa bàtà tì, ó ń wọ sálúbàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìró ẹ́ńjìnnì ló fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà: bí ìró bá ga, ẹsẹ̀ wà níbi tí à ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, bí ìró bá rẹlẹ̀, ó ti kúrò níbẹ̀. Bó bá fẹ́ dúró, á fi ọwọ́ ọ̀tún gbá itan mú láti òkè, á gbé e sórí búréékì bí ẹni gbé ẹrù, á sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ó ń ṣe é lọ́nà tí èrò á fi rò pé sòkòtò ló ń tún ṣe. Ó fi ṣe é fún ọdún kan àti ààbọ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn sì ni kò jẹ́ kó jáwọ́.

Nígbà tí ọdún 2008 fi ń parí lọ, ara Àjàpá náà kò yá. Eruku ti bò ó, kò sì sí ìjì tó wá gbá a. Ó wà lójú kan, ó ń fi oòrùn díẹ̀ tó rí mí. Àtàndá á yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, kò tiẹ̀ ní jókòó mọ́. "Ṣé ó ṣì wà?" Fọláyan á ní, "Ó wà, Bàbá. Ó ń dáhùn." Á mi orí, á sì padà lọ.

Ọ̀sẹ̀ Kérésì ọdún yẹn, Fọláyan ń lọ sí Kàbà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó lè wọ ọkọ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọkọ̀ Bàbá òun lòun máa wọ̀. Àtàndá fún un ní iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ti gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Thomas, mẹkáníìkì ọmọ Ìjẹ̀bú tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn gáréèjì, tó ti ń tọ́jú Píjò náà fún ọdún mẹ́wàá. Thomas tú búréékì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó pààrọ̀ wọn, ó ní, "Alhaji, ẹ lè fi èyí lọ sí Mẹ́kà."

Èrò méje ló gbé kúrò ní Jábì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Obìnrin kan tó gbé ọmọ lọ́wọ́ wà láàárín. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà. Wọ́n kọjá Gwagwalada, wọ́n kọjá Àbájí, Àtàndá ń ṣàlàyé àwòrán òrùlé fún ọkùnrin kan tó ń lọ sí Ìlọrin, Fọláyan sì ń bá a fi òyìnbó tì í lẹ́yìn. Kí wọ́n tó dé Kóton Kárífì, ọlọ́pàá ti gbé igi dí ọ̀nà. Tírélà ńlá kan ti dúró níwájú, ọyẹ́ kò sì jẹ́ kí wọ́n tètè rí i.

Àtàndá rí i. Ojú rẹ̀ kò ní àléébù. Ó gbá itan mú, ó gbé e, ó sì fi gbogbo ara tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ké. Ìgbà tó gbọ́ igbe yẹn ló tó mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà.

Ọgbọ̀n ọdún tó ti ń wakọ̀ ló gba ẹ̀mí wọn là, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò kú. Ó fa búréékì ọwọ́, ó yí sítíàrìn sí ọ̀tún, ọkọ̀ fò kúrò lórí títì, ó sì rọ́ lu òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà kó síbẹ̀. Ó dúró. Eruku pupa bo gíláàsì. Ọmọ ọwọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ké, Àtàndá kò sì tíì gbọ́ ohun tó dùn tó igbe ọmọ náà rí láyé.

Wọ́n bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ètè ọkùnrin Ìlọrin ti bẹ́. Iwájú orí Fọláyan ti wú. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó dá lẹ́sẹ̀. Gbogbo wọn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Àtàndá. "Búréékì ló já!" ni ọkùnrin Ìlọrin ń pariwo. "Búréékì já, Bàbá yìí fi ọgbọ́n àgbà gbà wá là!" Àtàndá jókòó sórí òkìtì. Kò sọ pé búréékì ló já. Kò sì sọ pé kì í ṣe búréékì.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan tó ń jẹ́ Àyàndá fi dé. Ọ̀dọ́ awakọ̀ gáréèjì Jábì ni, bọ́ọ̀sì ló ń wà, ó sì ti já èrò díẹ̀ sílẹ̀ ní Àbájí. Awakọ̀ Jábì kì í kọjá lára awakọ̀ Jábì tí ọkọ̀ rẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́nà, ì báà jẹ́ ọ̀tá. Ó páàkì, ó já ewé sẹ́yìn ọkọ̀ láti kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀, ó sì sáré wá.

"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Búréékì ló já," ni èrò mẹ́ta dá a lóhùn pọ̀.

"Búréékì tí Thomas ṣe lánàá?" Àyàndá ká fìlà kúrò lórí, ó lù ú mọ́ itan. "Kai! Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. Ó fẹ́ pa yín ni! Tí n bá dé Jábì lọ́la, wọn á kó irin ẹ̀ síta. Kò tún ní fọwọ́ kan ọkọ̀ kankan mọ́ ní gáréèjì yẹn, mo fi Ọlọ́run búra." Ó ti ń bọ́ ẹ̀wù, ó ń tẹ́ páálí sílẹ̀ láti wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo búréékì náà.

Àtàndá ń wò ó. Ọ̀rọ̀ náà ti parí fúnra rẹ̀, kò ná an ní nǹkan kan. Kó ṣáà dákẹ́ ni. Mẹkáníìkì lè rí iṣẹ́ níbòmíràn, Thomas ṣì kéré, ó ní ọwọ́, ó ní ẹsẹ̀. Ní oṣù tó ń bọ̀, wọ́n á ti na ojú ọkọ̀, òun á sì tún padà sídìí sítíàrìn.

Ó gbójú sókè, ó bá ojú Fọláyan pàdé. Iwájú ló jókòó sí. Ó ti rí ọwọ́ tó gbá itan mú, ó ti rí ibi tí ẹsẹ̀ náà sọ̀ sí. Ó wá, ó sì jókòó ti Àtàndá lórí iyẹ̀pẹ̀ náà, ó di aṣọ mọ́ iwájú orí.

"Ó ti tó ìgbà wo?" ó bèèrè, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ọmọ sùn lọ.

"Ọdún kan àti díẹ̀." Àtàndá mí kanlẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ sọ, èyí tó ti mọ́ ọn lẹ́nu ló sì wá. "Fọláyan, ìwọ lo kà á fún mi. Ìwọ fúnra ẹ. Ẹsẹ̀ Àjàpá ti kú láti bí ọdún mẹ́ta, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọn ò tìtorí ẹsẹ̀ kan ní kó dúró."

Fọláyan kò wò ó. Ọmọ ọwọ́ yẹn ló ń wò, tí ìyá rẹ̀ ń nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú irun rẹ̀.

"Bàbá," ó wí, "ìyẹn ò gbé èrò."

Ó sọ ọ́ tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún díẹ̀, bóyá nítorí orí tó ń fọ́ ọ. Àtàndá jókòó. Ọdún márùn-ún ló fi bèèrè gbogbo ohun tí èèyàn lè bèèrè nípa ọkọ̀ yẹn. Ó bèèrè táyà, ó bèèrè epo, ó bèèrè eré, ó bèèrè eruku. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè lọ́wọ́ ọkọ̀ ní gáréèjì, iye èrò tó ń gbé, òun Àtàndá awakọ̀ kò bèèrè rẹ̀ rí. Ojú tì í.

Ó dìde. "Àyàndá, jáde lábẹ́ ọkọ̀."

"Bàbá, ẹ jẹ́ n—"

"Mo ní jáde. Búréékì Thomas ò ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi ni. Ó ti kú ó ti pẹ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Mo mọ̀, mo sì fi ń gbé èèyàn." Ó fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yọ lápò, ó nà án sí i. "Bá mi fún alága gáréèjì. Kó o sọ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

Àyàndá gbà á. Ọkùnrin Ìlọrin tó ti ń dúpẹ́ láti ẹ̀ẹ̀kan fọwọ́ kan ètè rẹ̀ tó bẹ́, ó wo Àtàndá, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sẹ́ni tó bú u. Ì bá sàn bí wọ́n bá bú u.

Obìnrin ọlọ́mọ yẹn ló kọ́kọ́ mira. Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó so ọ̀já lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ sẹ́yìn Píjò láti gbé àpò rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sínú bọ́ọ̀sì Àyàndá. Àpò náà wúwo, kò lè dá a gbé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àtàndá wọ́ ẹsẹ̀ lọ bá a, ó di etí kejì mú, wọ́n sì jọ gbé e.